Ogun Tí A Kò Gbọ́ Tẹ́lẹ̀ Ńkọ́?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ogun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2001, ọkọ̀ òfurufú èrò 38 ni wọ́n darí sí Gander, ìlú kékeré kan ní Kánádà. Èrò inú wọn lé ní 6,000. Àwọn onílùú fúnra wọn kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Ọ̀pọ̀ èrò náà jókòó sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìmọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Olórí ìgbìmọ̀ ìlú, Claude Elliott, kéde pé ìlú kò fara rọ. Wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń daṣẹ́ sílẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ láti kó àlejò. Àjèjì sùn ti àjèjì fún ọjọ́ mélòó kan.

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002, ohun ìjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù ní bárékè Ìkejà. Ogun ni àbí ìfipágbàjọba? Kí àlàyé tó dé, tọmọdé tàgbà ti ń sá tẹ̀lé ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ọ̀pọ̀ kó sínú kánààlì Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, nítorí koríko ti bo ojú omi. Ẹ̀mí tó ṣòfò lé ní 1,000.

Lóòótọ́, ohun ìjà kò bú ní Gander bí ó ti bú ní Ìkejà. Síbẹ̀, bí ẹnìkan bá ní inú àwọn ará Kánádà ló dára ju tiwa lọ, èmi kò gbà. Ta ni yóò kọ́ Yorùbá ní àlejò ṣíṣe? Ohun tí a kò ní lálẹ́ ọjọ́ náà ni ohùn tí ará ìlú lè gbà gbọ́, àti ibi tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn lè sá sí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí nǹkan bá dún gbàmù nínú ọgbà yìí lóru òní, gbọ̀ngàn wo ni a ó sá sí? Ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà? Ta ni yóò bá wa sọ̀rọ̀? Ó yẹ kí àwọn aláṣẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sára ilẹ̀kùn gbogbo ilé ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Àlejò òru kì í dúró de ìpàdé ìgbìmọ̀.