Kànga Tí A Ń Gbọ́n Tí Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 1945, Olóyè Mathew Adékọ̀yà Òkúpè, ọmọ Ìpẹ̀rù ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, dá báǹkì kan sílẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Àgbọ́nmágbẹ. Ọmọ Yorùbá kò ní kí a túmọ̀ rẹ̀ fún òun: omi tí a ń gbọ́n tí kì í gbẹ ni. Báǹkì yìí kan náà ni gbogbo wa ń pè ní Wema lónìí. Orúkọ náà dùn létí, àdúrà sì ni pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìtàn báǹkì náà fi yé wa pé àdúrà nìkan kì í ṣọ́ kànga. Bí àwọn tó ń gbọ́n ọn kò bá rántí dá a padà, kànga á gbẹ, orúkọ nìkan ni yóò sì kù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bí ọ̀rọ̀ owó ti rí nílẹ̀ yìí. Àwọn baba wa mọ èsúsú, wọ́n mọ àjọ, wọ́n sì mọ sógùn-dogójì tí í sọ ogún di ogójì lọ́rùn ẹni tí ìṣòro bá. Ní 1894, Bank of British West Africa dé sí Èkó. Báǹkì náà wúlò, ṣùgbọ́n àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èso ilẹ̀ wa lọ sókè òkun ló wúlò fún jù. Oníṣòwò ọmọ onílẹ̀ lè fi owó pamọ́ síbẹ̀ bó ṣe wù ú. Ìgbà tó bá fẹ́ yáwó ni wọ́n á bi í léèrè ohun ìdúró tí kò ní. Ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ gbà.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ènìyàn wa fi pinnu láti dá báǹkì tiwọn sílẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó sì dojú dé ní 1930. Nigerian Mercantile Bank tẹ̀ lé e ní 1931, òun náà kò kọjá 1936. National Bank of Nigeria, tí Dókítà Akínọlá Májà, T. A. Doherty àti H. A. Subair dá sílẹ̀ ní 1933, ni àkọ́kọ́ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn tí Àgbọ́nmágbẹ dé, báǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í hù bí olú. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin ní 1952 pé báǹkì ọmọ onílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ojú owó £12,500, ó kéré tán. Nígbà tí yóò fi di 1954, nínú báǹkì ọmọ onílẹ̀ 25, 21 ti wó. Àgbọ́nmágbẹ wà lára 4 tó ṣẹ́kù. Kí ló pa àwọn yòókù? Ojú owó wọn kéré, ìwé ìṣírò wọn kò gún, wọ́n sì ń yá owó jáde láìbèèrè ọ̀nà tí yóò gbà padà wálé.

Ó yẹ kí a mọ ohun tí báǹkì ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé owó tí àwọn fi pamọ́ jókòó sínú àpótí irin, tó ń dúró de àwọn. Rárá o. Ẹ jẹ́ ká ní ènìyàn 100 mú ₦10,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Mílíọ̀nù kan náírà nìyẹn. Báǹkì á yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó máa wá gbowó lónìí àti lọ́la, á fi díẹ̀ sọ́dọ̀ CBN, báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ wa, gẹ́gẹ́ bí òfin ti wí, á sì yá àwọn tó fẹ́ ṣòwò ní ìyókù. Èlé tó ń gbà lọ́wọ́ wọn ló fi ń san èlé kékeré fún ẹni tó fi owó pamọ́, òun náà ló fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́. Ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè. Bí ọ̀gá ńlá kan bá wá yá ₦300,000, tó sì kọ̀ tí kò san án, owó ènìyàn 30 ló gbé lọ. Kò mọ̀ wọ́n, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìyá aláta ń bẹ nínú wọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ń bẹ nínú wọn.

Nígbà tó yá, àjọ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ gba Àgbọ́nmágbẹ, orúkọ rẹ̀ sì di Wema ní 1969. Nígbà tí wọ́n pín Ìwọ̀-Oòrùn sí ìpínlẹ̀ Ògùn, Oǹdó àti Ọ̀yọ́ ní 1976, ilé iṣẹ́ Odù'a tí ìpínlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ni wá di onípìn-ín pàtàkì nínú rẹ̀. Òógùn àwọn àgbẹ̀ oníkòkó, àwọn baba wa, wà nínú báǹkì yìí. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé owó tí kò ní olówó ni.

Ní 2004, Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Soludo tó jẹ́ gómìnà CBN nígbà náà pàṣẹ pé ojú owó báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Wema là á já, National Bank sì wọ inú rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2005: ẹ̀gbọ́n tó dáyé ní 1933 di ara àbúrò. A rò pé ojú owó ńlá ti parí ìṣòro. Àmọ́ ní 2009, ọdún 4 péré lẹ́yìn náà, CBN lábẹ́ Sanusi Lamido Sanusi yẹ ìwé àwọn báǹkì wò, ó sì yọ ọ̀gá báǹkì 8 nípò. Wọn kò yọ ti Wema, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ojú owó rẹ̀ ti wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n sì fún un di oṣù kẹfà 2010 láti tún ara rẹ̀ ṣe. Owó tó jáde tí kò padà wálé wà lára ohun tó jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀.

Kí ni Wema ṣe? Ó gbà láti di báǹkì agbègbè. Òfin tí CBN ṣe ní 2010 sọ pé bílíọ̀nù 10 náírà tó fún irú báǹkì bẹ́ẹ̀, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ bílíọ̀nù 25, tí ẹni tó fẹ́ ṣòwò dé òkè òkun sì nílò 50. Ìpínlẹ̀ tí kò dín ní 6, tí kò sì ju 12 lọ, ni báǹkì agbègbè lè dé, pẹ̀lú Àbújá. Wema fi ara mọ Gúúsù Ìwọ̀-Oòrùn, Gúúsù-Gúúsù àti Àbújá. Lójú ẹni tó fẹ́ràn àṣehàn, ìtìjú ni èyí. Lójú tèmi, ọgbọ́n ni: ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Ní oṣù kọkànlá 2015, ó tún gba ìwé àṣẹ gbogbo orílẹ̀-èdè. Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún 2017, ọjọ́ tó pé ọdún 72, ó gbé ALAT jáde, báǹkì orí fóònù tí ènìyàn lè lò láìdé ẹ̀ka kankan.

Ní oṣù kẹta 2024, CBN tún gbé ojú owó sókè: bílíọ̀nù 500 fún àwọn tó ń dé òkè òkun, 200 fún ti gbogbo orílẹ̀-èdè, 50 fún ti agbègbè, ó sì fún wọn di ọjọ́ 31, oṣù kẹta 2026. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ rántí 2005 àti 2009. Kànga tó jìn máa ń pẹ́ kó tó gbẹ ni. Kì í ṣe pé kò lè gbẹ.

Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀rọ̀ báǹkì sílẹ̀ fún àwọn ọ̀gá nìkan. Láti 2024, NDIC, àjọ tó ń dáàbò bo owó inú báǹkì, máa ń san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún onífowópamọ́ kọ̀ọ̀kan bí báǹkì ńlá bá wó. Ẹni tí tirẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò dúró dìgbà tí wọ́n bá ta dúkìá rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìpín nínú báǹkì, ẹ lọ sí ìpàdé ọdọọdún, kí ẹ béèrè iye gbèsè tí kò wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ sì yáwó, owó aládùúgbò yín ló wà lọ́wọ́ yín yẹn. Ẹ dá a padà, kí ẹlòmíràn lè rí gbọ́n.