Ṣé Gbogbo Àdàlù Ló Burú?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ sọ. Ọ̀rọ̀ ìpàdé wa tó kọjá ni.

Ní ìpàdé yẹn, àwa ọmọ JSS 2 dá a lábàá pé ní Ọjọ́ Àṣà, kí á ṣe ráàpù lédè Yorùbá, kí dùndún àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ máa gbè é lẹ́sẹ̀. A ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí sẹ́ńíọ̀ kan fi dìde pé àmúlùmálà nìyẹn, pé kò yẹ ẹgbẹ́ wa. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èmi náà dákẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá lanu, Haúsá lè jábọ́ níbẹ̀, màá sì tún san owó ìtanràn. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà ìsinmi, bọ̀dá mi jẹ́ kí n gbọ́ àwo orin kan tó ti jáde láti ọdún 2003, kí wọ́n tó bí mi rárá. Speakerboxxx/The Love Below ni wọ́n ń pè é. Àwọn méjì tí wọ́n ń jẹ́ OutKast, Big Boi àti André 3000, ará ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. Àwo méjì ló wà nínú páálí kan, ó lé ní wákàtí méjì. Ti Big Boi ló ṣáájú. Ráàpù ni, ṣùgbọ́n fọ́ńkì ló wà nídìí ẹ̀, irú orin tí James Brown fi jẹ́ kí gbogbo ayé máa jó. Ti André ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹni tí ayé mọ̀ mọ ráàpù, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ráàpù mọ́! Ó ń kọrin, ó da jáàsì, fọ́ńkì àti póòpù pọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ta gìtá nínú “Hey Ya!”. Bí ẹ bá rò pé ẹ ti mọ ibi tó ń lọ, á ṣẹ́ kọ́nà.

Mi ò ní parọ́ o. Gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ọmọdé gbọ́, bọ̀dá mi fo àwọn kan kọjá. Ó sì gùn jù lójú tèmi. Ṣùgbọ́n “Hey Ya!” ṣe ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 9, orin Big Boi láti inú àwo kan náà ló sì gbapò lọ́wọ́ ẹ̀. Ní 2004, wọ́n gba ẹ̀bùn Grammy fún àwo tó dára jù lọ lọ́dún náà.

Ẹ má sì gbàgbé pé ní 1995, nígbà tí wọ́n gba ẹ̀bùn kan ní New York, èrò hó lé wọn lórí torí pé ọmọ Gúúsù ni wọ́n. André sọ fún wọn lójú agbo pé Gúúsù náà ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Wọ́n padà sílé, wọ́n ṣiṣẹ́. Kí wọ́n tó ṣe èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ṣe àwo 4. Ta ló wá lè sọ pé àìmọ̀ọ́ṣe ló jẹ́ kí wọ́n máa da orin pọ̀?

Ẹ wo àdàlù tí wọ́n ń fún wa jẹ. Bí ẹ̀wà bá jinná, tí àgbàdo jinná, ṣebí gbogbo wa là ń tọrọ àfikún? Ọjọ́ tí àgbàdo bá le bí òkúta la máa ń ráhùn. Ẹ̀bi àdàlù kọ́, àgbàdo ni kò jinná.

Nítorí náà, sẹ́ńíọ̀ wa jàre lápá kan. Bí mo bá sọ “sannu” dípò “ẹ kú àárọ̀”, kì í ṣe ọgbọ́n, Yorùbá tèmi ni kò tíì jinná. Ẹ máa gba owó ìtanràn yẹn lọ. Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ ṣe yàtọ̀. I.K. Dairo fi àkọ́díọ̀nù sínú jùjú, lónìí a ń pe jùjú ní orin ilé wa. Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó da fọ́ńkì àti jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù, ó di Afrobeat. Àbí àwọn náà ba Yorùbá jẹ́ ni?

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì. A ó kọ́ oríkì dáadáa, ẹni tó ń lu dùndún wa á sì kọ́ bí ìlù ṣe ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ wa jókòó gbọ́ wa. Bí ìlù wa ò bá fọhùn, tàbí tí Yorùbá wa bá ń ta kókó, ẹ yọ wá kúrò, a ò ní bínú. Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Ẹ ṣáà mọ̀ pé a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni.