Àdáwà ní Ìgbèríko Ìlú Òyìnbó

Bí a bá ní ìlú òyìnbó, Lọ́ńdọ̀nù ni ó máa ń sọ sí wa lọ́kàn. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2022 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti gba àwọn olùtọ́jú arúgbó láyè láti wọlé, ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti bá ara wọn ní abúlé Cornwall àti Lincolnshire. Bọ́ọ̀sì kò wọ́pọ̀ níbẹ̀; ní Disẹ́ńbà, kí aago márùn-ún tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Láti oṣù Máàṣì 2024, ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé iṣẹ́ náà kò lè mú aya tàbí ọmọ dání. Ní Júláì 2025 wọ́n tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tí ń bọ̀ láti òkèèrè, ṣùgbọ́n àwọn tí ó ti wọlé ṣì wà níbẹ̀.

Àwọn kan ní kí wọ́n máa fi tẹlifóònù bá ilé sọ̀rọ̀. Èmi kò gbà pé ìyẹn tó. Ohùn ìyá ẹni dùn létí, ṣùgbọ́n kò lè kan ilẹ̀kùn nígbà tí ibà bá gbé ni dè. Aládùúgbò ni ó lè ṣe é. Kí wọ́n tètè kọ́ mọ́tò wíwà, nítorí ìwé ìwakọ̀ Nàìjíríà kò wúlò ju oṣù 12 lọ níbẹ̀; kí wọ́n sì máa kí àwọn tí ń fa ajá kiri láàárọ̀. (Òyìnbó tí kì í dá ènìyàn lóhùn yóò dúró bí o bá yin ajá rẹ̀!)

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ yé fi owó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ bi í bóyá ó rí ẹni bá jẹun lánàá.