Ẹ Má Sin Géèmù Wa Láàyè

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú mọ́tò tó ń ti Ìwó Road lọ sí Ọ̀jọ́ọ̀ nílùú Ìbàdàn, ọmọkùnrin kan jókòó tì mí tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí fóònù. Gíláàsì fóònù náà ti sán láti igun dé igun, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ń fò lórí ẹ̀ bí ìka ọ̀ta ayò. Victor Osimhen gba bọ́ọ̀lù, ó kọ ẹ̀yìn sí adènà, ó yí, ó gbá a wọlé. Mo bi ọmọ náà pé géèmù wo nìyẹn. “PES ni, bọ̀ọ̀dá. Ti PSP.” Kò tiẹ̀ gbójú sókè.

Mo bá a wò ó títí tó fi sọ̀ kalẹ̀. PSP ni ẹ̀rọ géèmù àfọwọ́mú tí Sony kọ́kọ́ tà ní Japan lóṣù Kejìlá ọdún 2004. Nígbà tó fi di 2014, wọ́n ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́. PES 2014 ló gbẹ̀yìn nínú ọ̀wọ́ PES tí Konami ṣe fún un, ọdún 2013 ló sì jáde. Lọ́dún náà, ta ló mọ Osimhen? Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá góòlù 10 wọlé ní Chile, nínú ife àgbáyé àwọn tí ọjọ́ orí wọn kò ju 17 lọ. Konami kọ́ ló fi í sínú géèmù yẹn. Àwọn ọ̀dọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ níṣẹ́ ni, tí wọ́n máa ń jókòó ní sáà dé sáà láti pààrọ̀ orúkọ agbábọ́ọ̀lù, jẹ́sì, àti ohùn ẹni tó ń ròyìn eré. Ẹ̀rọ ti kú, ẹni tó ṣe é ti yí ojú síbòmíràn, eré ṣì ń lọ.

Bí ayò ṣe rí nìyẹn. Bí ọpọ́n bá là, tàbí tí àgbà tó ni ín bá ti gbé e wọlé, àwọn ọmọdé á gbẹ́ ihò mẹ́fà-mẹ́fà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n á ṣa òkúta wẹ́wẹ́ 48, ayò bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé ọpọ́n dà. Ihò tí a gbẹ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ẹ̀mùlétọ̀, áàpù tó ń jẹ́ kí fóònù lè lo géèmù ẹ̀rọ mìíràn, jẹ́ fún géèmù àtijọ́. Èmi gbà pé iṣẹ́ rere ni, mo sì fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni àwọn géèmù wọ̀nyí yé lé àwọn tó ń gbẹ́ ihò náà kiri.

Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ lè rò pé idán ni. Èdè tí PSP ń gbọ́ yàtọ̀ sí èyí tí fóònù ń gbọ́: ìran MIPS ni ọpọlọ PSP, ìran ARM sì ni ti ọ̀pọ̀ fóònù. Bí a bá gbé géèmù náà síwájú fóònù lásán, bí ẹni ń bá ará Kánò sọ Ìjẹ̀bú ni. Ẹ̀mùlétọ̀ ni ògbufọ̀ tó jókòó sáàárín àwọn méjèèjì. Àṣẹ tí géèmù bá pa, á túmọ̀ rẹ̀ sí èdè fóònù lójú ẹsẹ̀, ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lẹ́sẹ̀ tó dé inú àwọ̀n. Ògbufọ̀ tó gbọ́n kì í sì í túmọ̀ gbólóhùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó bá ti túmọ̀, á pa á mọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa yọ ọ́ lò. Ọpọlọ PSP kò kọjá 333 megahertz, mẹ́mọ́rì èyí tó kọ́kọ́ jáde kò ju mẹ́gábáìtì 32 lọ, nítorí náà fóònù tí kò wọ́n lónìí lè ru ẹrù ògbufọ̀ yìí láì mí hẹlẹ. Ó tiẹ̀ lè ya àwòrán rẹ̀ kó mọ́ ju bí PSP fúnra rẹ̀ ṣe ń yà á lọ, nítorí ojú PSP kò ju 480 ní ìbú àti 272 ní gíga lọ.

Orúkọ ògbufọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wa ń lò ni PPSSPP. Henrik Rydgård, ọmọ ilẹ̀ Sweden, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oṣù Kọkànlá ọdún 2012 ló sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Ọ̀fẹ́ ni. Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba fún ẹni tó bá fẹ́ kà á tàbí tún un ṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní Gold, owó ìtìlẹ́yìn lẹ ń san, kò sí eré kan tó lè lò tí ti ọ̀fẹ́ kò lè lò. Àwọn oní-iPhone pẹ́ kí wọ́n tó jẹ níbẹ̀, oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Apple tó gba irú áàpù bẹ́ẹ̀ láyè nínú ọjà rẹ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára jìnnà sẹ́yìn. Ní Òṣogbo, ní nǹkan bí 2006, yàrá kan wà ládùúgbò wa tí a ń pè ní ilé géèmù. Tẹlifíṣọ̀n méjì, PS2 méjì, bẹ́ǹṣì gígùn kan, jẹnẹrétọ̀ kékeré lóde tó ń pariwo bí ẹni tí wọ́n jí lẹ́rù. Ogún náírà ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Ẹni tí wọ́n bá nà á dìde, ẹni tó kàn á jókòó. A mọ̀ pé Liverpool ni Merseyside Red nínú PES, a sì mọ̀ pé Chelsea ni London FC, nítorí Konami kò rí àṣẹ lo orúkọ wọn. Ọmọ tí kò tíì lè kọ lẹ́tà gidi nílé ìwé mọ̀ pé tí Adriano bá ti yẹ̀ ẹ́ sí ẹsẹ̀ òsì, kí gólì máa gbàdúrà. Níbẹ̀ ni mo ti rí ẹni tó na gbogbo ilé láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ogún náírà kan ṣoṣo. Níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Kìrìsìtẹ́nì ti ń ya ara wọn lówó láì kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ní káàdì mẹ́mọ́rì tèmi níbẹ̀, mẹ́gábáìtì 8. Master League mi wà lórí rẹ̀, ọdún kẹsàn-án nínú eré, pẹ̀lú Castolo àti Minanda, àwọn agbábọ́ọ̀lù tí Konami kàn finú rò tí gbogbo wa sì fẹ́ràn bí ọmọ ìyá. Iná lọ lọ́jọ́ kan nígbà tí mo ń pa eré náà mọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí iná máa fi padà, káàdì náà ti ṣófo. Mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ kó sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni, oṣù mẹ́jọ nínú ayé mi ló lọ bẹ́ẹ̀. Lónìí, ọmọ inú mọ́tò yẹn kàn tẹ ibì kan lórí fóònù rẹ̀ nígbà tó fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, eré náà sì dúró gẹ́lẹ́ níbi tó wà, bọ́ọ̀lù ṣì wà nínú afẹ́fẹ́. Kò sí ilé géèmù kankan tó lè fún wa ní irú ìyẹn nígbà náà. Ní orílẹ̀-èdè tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, mo mọ iye rẹ̀.

Àwọn PS2 yẹn ti lọ. Ojú tó ń ka sídì nínú wọn ló kọ́kọ́ ń ṣú, a máa ń dojú ẹ̀rọ dé, a máa ń gbé e nàró sí ẹ̀gbẹ́, títí tí kò fi ní ríran mọ́. Sídì náà há, ó bó. Ibi gbogbo láyé ló ti ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2023, Video Game History Foundation ṣe ìwádìí ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì rí i pé nínú àwọn géèmù tó jáde níbẹ̀ ṣáájú 2010, ìdá 87 nínú ọgọ́rùn-ún ni kò sí lọ́jà mọ́. Amẹ́ríkà nìyẹn o, níbi tí ọjà náà ti tóbi. Sony pa ṣọ́ọ̀bù PSP rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóṣù Keje ọdún 2021. Ní ọdún 2023, Nintendo ti ṣọ́ọ̀bù 3DS àti Wii U pa. Ẹ sọ fún mi, ibo ni ẹni tó fẹ́ sanwó á ti sanwó?

Àwọn ilé-iṣẹ́ náà á sọ pé olè ni wá. Ẹ jẹ́ ká pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Lọ́dún 1999, Sony gbé Connectix lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà nítorí Virtual Game Station, tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà Mac lè lo sídì PlayStation. Lọ́dún 2000, ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá Connectix láre, wọ́n ní ìwádìí tó ṣe sínú ẹ̀rọ Sony kí ògbufọ̀ rẹ̀ lè ṣiṣẹ́ kò lòdì sófin. Kí ni Sony ṣe lẹ́yìn náà? Ó ra Virtual Game Station lọ́wọ́ Connectix, ó sì pa á tì. Ohun tí mo ń pè ní sísin láàyè nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ìparí ọdún 2018 tí Sony fúnra rẹ̀ fẹ́ ta PlayStation Classic, àpótí kékeré tó ní géèmù àtijọ́ 20 nínú, PCSX ReARMed ló fi sínú rẹ̀, ẹ̀mùlétọ̀ tí àwọn ènìyàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ tí wọ́n sì fi kóòdù rẹ̀ sí gbangba. Iṣẹ́ tó dára tó láti fi pawó kò gbọ́dọ̀ tún jẹ́ iṣẹ́ olè nígbà tí ọmọ Ìbàdàn bá lò ó.

Apá kejì kò rọrùn bẹ́ẹ̀, mi ò sì ní purọ́ nípa rẹ̀. Fáìlì géèmù fúnra rẹ̀ ní ẹni tó ni ín, ọ̀pọ̀ èyí tó wà lórí fóònù wa ni a kò sì rà. Ẹni tó ń fi ẹ̀mùlétọ̀ gbá géèmù tó jáde lánàá, tó wà lórí àtẹ, ń gba oúnjẹ lẹ́nu òṣìṣẹ́. Nígbà tí Nintendo pe àwọn tó ṣe Yuzu, ẹ̀mùlétọ̀ ẹ̀rọ Switch rẹ̀, lẹ́jọ́ lọ́dún 2024, tí wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 2.4 dọ́là, Switch ṣì wà lọ́jà. Mi ò lè gbèjà ìyẹn. Géèmù tí kò sí lọ́jà mọ́ ni mo ń sọ, ti ẹ̀rọ tí ẹni tó ṣe é ti pa tì. Ẹ tà á fún wa, ẹ gbé e wá sórí fóònù ní iye tí ọmọ ilé ìwé lè san. Rockstar gbé GTA San Andreas sórí fóònù ní ìparí 2013, èmi náà sì sanwó rẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Bí ẹ ò bá ní tà á, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ máa tọ́jú rẹ̀.

Ẹ̀bi kan wà tó jẹ́ tàwa tó ń gbá géèmù. Ní ìparí 2021, ẹnìkan tó ń jẹ́ Tahlreth gbé AetherSX2 jáde, tó mú PS2 wá sórí fóònù Android lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i tó ṣiṣẹ́, ara mi bù máṣọ. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Èébú àti ìhalẹ̀ pé wọ́n máa pa á ló lé e lọ, láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò san kọ́bọ̀ fún un, tí wọ́n ń bínú pé géèmù kan ń fà lórí fóònù wọn. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Bí ẹ bá ń lo PPSSPP, tí owó bá sì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra Gold náà. Bí kò bá sí, ẹ má kọ ìkọkúkọ sí i.

Nǹkan kan ṣì kù tí fóònù kò lè fún mi. Àtàǹpàkò mi kò lè mọ bọ́tìnnì lójú gíláàsì, mo sì máa ń gbá bọ́ọ̀lù síta níbi tí mi ò jẹ́ gbá a síta lórí páàdì. Èyí tó dùn mí jù ni bẹ́ǹṣì yẹn. Mo rò pé ó ti lọ pátápátá, títí di ọjọ́ Sátidé, nígbà tí mo gbé mọ́tò mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjì jókòó lórí táyà, fóònù lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan tan hotspot, PPSSPP ìkejì sì so mọ́ ti ẹnì kìn-ín-ní bí PSP méjì ṣe máa ń so mọ́ra. Àwọn mẹ́rin dúró lẹ́yìn wọn. Góòlù kẹta wọlé. Ẹni tí wọ́n nà wo ojú fóònù rẹ̀ díẹ̀, ó fi í fún ẹni tó kàn, ó sì dìde lórí táyà.