Ọmọ Wa Wọ Yunifásítì, Owó Ọkọ̀ Dá A Padà

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí, ẹ má bínú.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Ìyá Aninha, tó dá Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá sílẹ̀ ní Salvador ní 1910, máa ń wí: ó wù ú kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá foríbalẹ̀ fún Ṣàngó pẹ̀lú òrùka ẹni tó gboyè lọ́wọ́. Ìyá papòdà ní 1938. Ọ̀nà ṣì há nígbà náà.

Ó ti là díẹ̀ báyìí. Ní 2003, UERJ ní Rio àti UNEB ní Bahia gba àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wọlé sí àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ní 2012, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ètò náà bófin mu, òfin 12.711 sì mú un dé gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ lọ́dún kan náà. Ṣé ẹ rántí ariwo tí wọ́n pa, pé yóò ba yunifásítì jẹ́? Kò bà á jẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà nìkan ni òfin yẹn ṣí. Lóòótọ́, yunifásítì ìjọba kì í gba owó ilé-ìwé. Ta ni yóò wá san owó bọ́ọ̀sì méjì ní àlọ, méjì ní àbọ̀? Ta ni yóò ra oúnjẹ ọ̀sán àti ìwé? Ọmọ Ọ̀ṣun kan nínú ilé wa wọ yunifásítì, a lu ìlù, a jó. Kò pé oṣù méje tó fi padà sídìí owó gbígbà ní súpámákẹ́ẹ̀tì. Owó ìrànwọ́ wà o! Àsìkò tí wọ́n ń gba fọ́ọ̀mù rẹ̀ bọ́ sígbà tí a ń ṣe òrìṣà fún un, tí kò gbọdọ̀ jáde. Kò sí ẹnìkan nínú àwa tá a wà níta tó bá a wò ó. Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ti Ọ̀ṣun.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ètò PNAES, tó jẹ́ àṣẹ ààrẹ lásán ní 2010, di òfin ní 2024: ilé gbígbé, oúnjẹ, owó ọkọ̀, títí kan ìtọ́jú ọmọ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Bolsa Permanência kúrò ní R$400 lóṣù, ó di R$700 ní 2023. Ti àwọn ọmọ kilombo àti ọmọ onílẹ̀ kúrò ní R$900, ó di R$1.400. Òfin 14.723 ti ọdún yẹn sọ pé aláìní tó bá gba àyè yẹn wọlé ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún ní ìrànwọ́. Ẹni tó bá ń lọ sí yunifásítì aládàáni, kó béèrè ProUni.

A gbọ́ tí àwọn àgbà kan ń sọ pé agbe ni. Agbe kẹ̀? Ìyá tó ń ta àkàrà ń san owó orí lórí gáàsì tó fi ń dín in. Ohun tó ń dà wá láàmú ni bí ìyá yẹn yóò ṣe fi iye tó ń wọlé fún un hàn, nígbà tí kò ní ọ̀gá tó ń fún un níwèé owó oṣù. Ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gba ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kọ, tó sì fọwọ́ sí.

Láti oṣù yìí lọ, ní gbogbo Ọjọ́rú, kí a tó gbé àmàlà Ṣàngó kalẹ̀, ẹ̀gbọ́n méjì tó ti gboyè yóò jókòó ní gbọ̀ngán pẹ̀lú kọ̀ǹpútà. Ẹ mú CPF gbogbo ará ilé yín wá, àti ìwé owó iná. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe òrìṣà lọ́dún yìí, kó mú kàlẹ́ńdà yunifásítì rẹ̀ wá fún Ìyá kí wọ́n tó dá ọjọ́.