Ọparun Ẹ̀yìnkùlé Wa: Ẹ Jẹ́ Kí A Gé E Kí Ó Tó Gé Ìrẹ́pọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè Ọya, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ Ọ̀fà, ọmọ Ìlọrin àti ti ìlú gbogbo! A bẹ̀ yín, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ wa yìí dé òpin. Ọ̀rọ̀ ọparun ni, èyí tí àwọn onílé wa ń pè ní gora, ó sì ti fẹ́ di ìjà láàárín àwa àti àwọn tí a jọ ń gbé ní Kàdúná níbí.

Kí a tó bá ẹlòmíràn wí, ó yẹ kí a jẹ́wọ́. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí wà nínú àwọn tí ó ṣẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún méje sẹ́yìn, a ra ọ̀pá ọparun tútù, a rì wọ́n mọ́lẹ̀ láti fi ṣe ọgbà balùwẹ̀ àti òpó tí a ń sá aṣọ lé. Nígbà tí òjò rọ̀, òpó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ewé. A rẹ́rìn-ín, a ní ilẹ̀ yìí mà lọ́ràá o! A kò mọ̀ pé irú ọparun yìí kò dúró de èso kí ó tó pọ̀ sí i. Bí oríkèé rẹ̀ kan bá ti kan ilẹ̀ tútù, ó tó fún un láti hù.

Ní oṣù tí ó kọjá, Màláàmù tí ilé rẹ̀ fi ara kan tiwa wá kí wa. Kò pariwo rárá. Ó kàn mú wa lọ́wọ́ lọ wo ògiri alámọ̀ tí bàbá rẹ̀ mọ, bí ó ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí èéhù ọparun sì yọ orí láàárín rẹ̀. Ẹ rántí pé bàbá rẹ̀ yìí kan náà ni ó fún bàbá wa ní yàrá tí ó kọ́kọ́ sùn sí nígbà tí ó dé ìlú yìí pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí. Ojú tì wá.

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé, àwọn àgbà kan sọ pé nínú ọgbà wa ni ọparun wà, kí ni ó kan ẹlòmíràn? Àwọn mìíràn ní ó ń rán wọn létí odò ilé. A kọ èrò méjèèjì sílẹ̀ bí ó ti yẹ akọ̀wé. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí á gé e. Igi gánganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ nípa ọparun náà. Kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọmọ wa ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì ń ròyìn, tí ń sá lọ lábẹ́ ilẹ̀ títí yóò fi yọ nínú ọgbà aládùúgbò. Tiwa ń fẹ̀ lójú kan ni. Kì í dédé wó ògiri búlọ́ọ̀kù tí ó dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n ògiri alámọ̀ tí ó ti sán díẹ̀ kò lè bá a du àyè. Igi rẹ̀ a máa ga tó mítà 10 sí 20; bí ìjì bá dé, a máa fi orí gbá páànù, ewé rẹ̀ a sì dí gọ́tà. Kùkùté tí a bá gé láìbìkítà a máa gba omi bí ife, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà pọ́njú a sì máa yé sínú rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ bí èyí, ewé gbígbẹ ìdí rẹ̀ jẹ́ ilé ejò àti oúnjẹ iná.

Ọ̀nà tí a fi lè ṣẹ́gun rẹ̀ nìyí. Ní ọyẹ́ yìí, kí á gé gbogbo igi rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tí a kò bá lè gé dé ilẹ̀, kí á gé e lókè oríkèé gan-an, kí ó má baà gba omi. Nígbà òjò, èéhù yóò yọ. Kí á máa ṣẹ́ ẹ nígbà tí ó ṣì rọ̀, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìsinmi. Ìdí rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, tí ó rí bí atalẹ̀ ńlá, ni ó ń fi oúnjẹ pamọ́ sí. Bí kò bá rí ewé, ebi yóò pa á. Ó lè gba òjò méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ń kánjú, kí ó fi dígà àti àáké hú ìdí náà, kí ó ṣa gbogbo rẹ̀, kí ó sá a sórí sìmẹ́ńtì títí yóò fi gbẹ. Ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí etí odò, àgbàrá yóò gbé e lọ bá ẹlòmíràn. Ẹ má ti iná bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, nítorí a máa bú gbàmù. Ẹ má sì da ọ́ìlì mọ́tò sí ìdí rẹ̀, kànga wa wà nítòsí.

Oníṣòwò ni wá, a kì í da ohun tí ó lówó lórí nù. Àwọn bíríkìlà ń wá ọ̀pá ọparun tí wọn yóò fi gbé déèkì ró. Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ kó ọ̀dọ́ jọ ní ọjọ́ Sátidé kan, kí á gé e, kí á tà á. Owó àkọ́kọ́ tí a bá rí, kí á fi tún ògiri Màláàmù mọ, kí ó tó kan àpò ẹgbẹ́.

Ẹni tí odò ilé bá ń wù, kí ó wọ mọ́tò lọ sílé lọ wò ó. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbà wá sílé, kí á má ṣe jẹ́ kí ilé rẹ̀ wó nítorí wa.

Àwa ni tiyín,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́