Ohun Tí A Bá Fẹ̀sọ̀ Mú

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Òwe yìí sì ti wọ́pọ̀ lẹ́nu wa tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jọ pé etí wa kò gbọ́ ọ mọ́, nítorí pé bí ènìyàn bá ti pa á, ohun tí olúwarẹ̀ ń fẹ́ kò ju pé kí ẹnì kejì rẹ̀ jókòó jẹ́ẹ́ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe gbọ́ ọ, títí di ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi lẹ́tà ta ṣẹ́ẹ̀sì, ayò tí Íńdíà bí tí òyìnbó sì gbà tọ́, èmi ní Soclogbo láàárín àwọn òkè Ìdààṣà, ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìbàdàn.

Ayò ọlọ́pọ́n tiwa, oníhò méjìlá àti ọmọ méjìdínláàádọ́ta, kì í gba ìdákẹ́jẹ́. Bí ọ̀ta bá jókòó lábẹ́ igi, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. A máa bú òpè, àwọn òǹwòran a máa dá sí i, ẹni tí ó bá sì di ọmọ ayò mọ́wọ́ pẹ́ jù ti di ẹlẹ́yà. Ti onílẹ́tà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwọ àti fìtílà rẹ ni, pẹ̀lú ọpọ́n kan lórí tábìlì tí o ti kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, títí ìwọ yóò fi kọ ohun tí o rò tán sínú ìwé tí o óò fi ránṣẹ́. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Lẹ́tà tí ó ti bọ́ sínú àpótí ilé ìfìwéránṣẹ́ kò sì yàtọ̀ sí ẹyin náà.

Èdè ìbá ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ọmọ ayò tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi joyè bíṣọ́ọ̀bù, wèrè ni àwọn Faransé tí wọ́n kọ́ wa níwèé ń pè é, ọ̀rẹ́ mi tí ó jẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pátápátá kò sì ní gba irú ìwọ̀sí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ICCF, ẹgbẹ́ àgbáyé tí ń ṣe àkóso ayò onílẹ́tà láti 1951, ní àkọsílẹ̀ kan tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni: ojú kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rìnlélọ́gọ́ta orí ọpọ́n ní nọ́ńbà tirẹ̀, láti 11 dé 88. Ọ̀rẹ́ mi kọ 5254. Mo fi 5756 dá a lóhùn.

Ìdáhùn tèmi yẹn ni ayé ń pè ní ààbò Faransé, láti ìgbà tí àwọn ará Paris ti fi lẹ́tà bá àwọn ará Lọ́ńdọ́nù ta á láàárín 1834 àti 1836, tí Paris sì borí. Ọmọ ogun kan kàn rìn ní ẹsẹ̀ kan péré, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Bí mo bá wo ojú fèrèsé, mo ń rí irú ìbẹ̀rù bẹ́ẹ̀ tí ó ti di òkúta: àwọn òkè tí àwọn baba wa gùn sá fún ogun Dàhómì, tí wọ́n fi wọ́n ṣe ilé ìṣọ́, gẹ́gẹ́ bí ọba orí ọpọ́n ti ń wọ igun lọ fara pa mọ́. Béhanzin ọba Dàhómì túúbá fún Faransé ní 1894. Ìdààṣà sì wà títí di òní lábẹ́ òkè rẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rò pé fífà bí ìgbín ni ẹ̀sọ̀. Òwe náà kò wí pé ohun tí a bá fi sílẹ̀ kì í bàjẹ́. Ohun tí a *mú* ni ó wí, ọwọ́ sì gbọdọ̀ wà lára rẹ̀. Nínú ayò onílẹ́tà àtijọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin máa ń fún ènìyàn láti ronú ta ìgbà mẹ́wàá, ẹni tí ó bá sì ń sùn yóò jìyà oorun rẹ̀. Túndé Ọnákọ̀yà, tí ó fi ọgọ́ta wákàtí ta ṣẹ́ẹ̀sì ní New York ní oṣù kẹrin 2024, kò lọ́ra rárá, ṣùgbọ́n bí ìyẹn kì í bá ṣe ẹ̀sọ̀, èmi kò mọ ohun tí a óò pè é. Hans Berliner ará Amẹ́ríkà ńkọ́? Nínú ìdíje àgbáyé onílẹ́tà ti 1965 sí 1968, ó jẹ́ kí Estrin, ẹni tí ó ń bá a ta, jẹ ẹṣin òun kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì gba èrè rẹ̀ tán àfi ìgbà tí ó ku ilé ìṣọ́ àti àwọn ọmọ ogun, ní ìgbà kejìlélógójì tí ó ta.

Ìparí ayò ni ó dùn mọ́ mi jù. Ọba tí ó ti ń sá pa mọ́ láti àárọ̀ a jáde wá ṣiṣẹ́ bí àgbẹ̀. Ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ tí a kò kà sí a rìn dé ìlà ìkẹyìn, a sì di ayaba. Níbẹ̀ náà ni àṣìṣe ìbẹ̀rẹ̀ ti ń yọjú, bí èbù iṣu tí a gbìn láìdára, tí ewé rẹ̀ ń tàn wá títí di ọjọ́ tí a wú ebè. Ayò onílẹ́tà tilẹ̀ lè pẹ́ ju ìlú lọ: ìdíje onílẹ́tà kẹwàá ti àwọn orílẹ̀-èdè bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ó parí ní 1995, Sófíẹ̀tì ló ṣe ipò kìíní, Jámánì Ìlà-Oòrùn ṣe ìkẹta, nígbà tí kò sí èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì lórí àwòrán ayé mọ́.

Ọdún méjì ni tiwa gbà. Ọjọ́ tí lẹ́tà ìkẹyìn dé, mo gba abẹ́ igi kọjá, bàbá kan tí ń ta ayò níbẹ̀ sì bi mí léèrè ẹni tí ó borí.

"Ọ̀mì ni, Bàbá."

"Ọdún méjì lẹ fi ta ọ̀mì?" Ó wò mí títí, ó sún díẹ̀ lórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da ọmọ ayò padà sínú ihò ní mẹ́rin-mẹ́rin. "Jókòó. Kí ọbẹ̀ ó tó hó, n ó ti nà ọ́."